Mọ́dẹ́ẹ̀mù 5G sínú kọ̀ǹpútà: USB 2, USB 3, PCIe, àbí Ethernet?

Adé_Mọ́kọ́lá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mini PC kan tí Debian 12 wà lórí rẹ̀ la fẹ́ fi ṣe ráútà fún ọ́fíìsì ènìyàn 15 ní Ìbàdàn. Huawei E3372, ti orí USB yẹn, ló ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọlé tẹ́lẹ̀. Ní báyìí a ti ra Quectel RM500Q-GL, káàdì 5G tó ń wọ ihò M.2 (ihò pẹlẹbẹ inú kọ̀ǹpútà fún káàdì kékeré), pẹ̀lú bọ́ọ̀dù kékeré tó ń sọ M.2 di USB. Bí síìmù náà bá wà nínú fóònù, 500 Mbps kì í wọ́n ní ibi kan náà gan-an. Tó bá ti dé orí kọ̀ǹpútà, kì í kọjá 270 Mbps, ibi yòówù kí áńtẹ́nà kọjú sí.

Ojú tó wà lára kọ̀ǹpútà náà: USB 2.0 mẹ́rin, USB 3 méjì, Ethernet 1 Gbps méjì, àti ihò M.2 méjì. SSD wà nínú ihò kan, káàdì Wi-Fi wà nínú èkejì. Èwo ni kí n gbé mọ́dẹ́ẹ̀mù gbà kó lè yá jù? Ẹnì kan ní kí n tú SSD kúrò kí n fi káàdì náà síbẹ̀, pé PCIe, ọ̀nà tí káàdì inú kọ̀ǹpútà ń gbà bá CPU sọ̀rọ̀ tààrà, kò lẹ́gbẹ́. Ẹlòmíràn ní kí n kàn gbé baud rate (ìyára ojú tí a ń gbà fi àṣẹ ránṣẹ́ sí mọ́dẹ́ẹ̀mù) láti 115200 lọ sí 921600. Áńtẹ́nà sì gbọ́dọ̀ wà lórí òrùlé, ibẹ̀ tó mítà 12 sí kọ̀ǹpútà.

Ohun tí `lsusb -t`, àṣẹ tó ń to àwọn ẹ̀rọ USB àti ìyára wọn, gbé jáde nìyí:

`|__ Port 3: Dev 5, If 4, Class=Vendor Specific Class, Driver=qmi_wwan, 480M`

OníWáyà77

Ẹ wo ìparí ìlà yẹn: 480M. Orí USB 2.0 ni káàdì yín wà. 480 Mbps tí wọ́n ń kọ sára USB 2.0, iye bíìtì tó ń sáré lórí wáyà ni, kì í ṣe iye dátà tó ń dé ọwọ́ yín. Ètò tí USB fi ń pín àkókò fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń jẹ nínú rẹ̀, ohun tó ń ṣẹ́ kù kì í sábà kọjá 280 sí 320 Mbps. 270 tí ẹ ń rí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òpin ibẹ̀. Ẹ yí áńtẹ́nà títí di ọ̀la, kò ní sún.

Ẹ fi irú mọ́dẹ́ẹ̀mù wọn ojú tí ẹ fẹ́ lò. E3372 yín jẹ́ LTE Cat 4 (Cat ni ìpele ìyára LTE), 150 Mbps ni òpin rẹ̀, nítorí náà USB 2.0 gbà á, ààyè sì ṣẹ́ kù. Bí ẹ bá gbé e lọ sí ojú USB 3, kò ní fi ẹyọ Mbps kan kún un. Cat 6 jẹ́ 300 Mbps, ó ti wà létí odi. Láti Cat 12, tó jẹ́ 600 Mbps, sókè dé 5G, USB 2.0 ti kéré. USB 3 àkọ́kọ́ jẹ́ 5 Gbps, ọ̀nà tó fi ń kọ bíìtì gba ìdá kan nínú márùn-ún, ó ku 4 Gbps. RM500Q kò lè kún un.

Ìdí tí bọ́ọ̀dù tó pe ara rẹ̀ ní USB 3 fi ń já sí 480M, ibi mẹ́ta ni kí ẹ wò. Àkọ́kọ́, ojú tí ẹ fi wáyà sí: èyí tó ní àwọ̀ búlúù tàbí lẹ́tà SS ni USB 3. Èkejì ni wáyà. Ẹnu USB 2.0 ní irin mẹ́rin, ti USB 3 ní mẹ́sàn-án. Bí wáyà kò bá ní márùn-ún tó kù, ohun gbogbo yóò ṣiṣẹ́ láìsí ìkìlọ̀ kankan, ní 480M. Wáyà Type-C tó bá fóònù wá ló ń tan ènìyàn jẹ jù, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ti ṣájì, ọ̀nà USB 2.0 nìkan ló wà nínú wọn. Ẹ̀kẹta ni bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀: àwọn olówó pọ́ọ́kú kan kì í fa ọ̀nà USB 3 dé ihò M.2 rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Type-C ni wọ́n fi sí i lẹ́nu.

Kí ẹ tó dá bọ́ọ̀dù lẹ́bi, ẹ fi fláàṣì USB 3 dán ojú yẹn àti wáyà yẹn wò. Tí fláàṣì bá fi 5000M hàn nínú `lsusb -t`, bọ́ọ̀dù ló kù.

Ìyá_Sáfà

Adé, pa ọ̀rọ̀ baud rate yẹn tì. Ayé ojú COM, ojú mọ́dẹ́ẹ̀mù àtijọ́, ló ti wá. Nígbà náà, wáyà gidi ni RS-232 tí ojú COM ń lò, 115200 sì túmọ̀ sí báìtì 11,520 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, torí bíìtì 10 ni báìtì kọ̀ọ̀kan ń gbà lórí wáyà. Mọ́dẹ́ẹ̀mù 56k tó ń fi V.42bis fún dátà pọ̀ lè tú u sílẹ̀ sí kọ̀ǹpútà ju 56k lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé ojú COM sókè dé 115200. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń pàrọ̀ UART (ẹ̀yà tó ń gba báìtì lójú COM) 8250, tí kò lè gbá ju báìtì kan mú, sí 16550A tó ní ààyè báìtì 16, kí CPU má baà sọ báìtì nù bó bá ń ṣe iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́. Lórí mọ́dẹ́ẹ̀mù USB òde òní, /dev/ttyUSB2, ojú tí a ń gbà fi àṣẹ ránṣẹ́ sí i, kì í ṣe wáyà. Kò sí aago bíìtì kankan níbẹ̀. O lè kọ 300 síbẹ̀, o lè kọ 921600, ìyára kan náà ni.

Ohun tó yẹ kó jẹ ọ́ lógún lẹ́yìn wáyà ni èdè tí mọ́dẹ́ẹ̀mù ń bá kọ̀ǹpútà sọ. Ojú USB 3 kan náà lè fún ọ ní 100 Mbps tàbí 900, èdè yìí ló ń pinnu rẹ̀.

PPP ló burú jù. Bí o bá rí ppp0 nínú `ip addr`, orí rẹ̀ lo wà: gbogbo báìtì ni wọ́n ń yẹ̀ wò bóyá ó jọ àmì ìparí, 0x7E, kí wọ́n lè fi àmì mìíràn bò ó, CPU kékeré sì máa ń kú síbẹ̀. ECM àti RNDIS ń ṣe bí ẹni pé mọ́dẹ́ẹ̀mù jẹ́ káàdì Ethernet. Wọ́n rọrùn gan-an, torí o kàn béèrè DHCP (kí wọ́n fún ọ ní àdírẹ́sì) ni, ṣùgbọ́n mọ́dẹ́ẹ̀mù fúnra rẹ̀ ló ń ṣe NAT (fífi àdírẹ́sì kan bo ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ), ìwọ náà yóò tún ṣe NAT, ó di NAT méjì kí ti nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó kún un. Bí VPN bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, ibẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò. Yàtọ̀ sí èyí, ECM ń gbé pákẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bẹ́ẹ̀ ni CPU yóò máa dá iṣẹ́ dúró fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. NCM àti MBIM ń dì wọ́n pọ̀, pákẹ́ẹ̀tì púpọ̀ nínú ẹrù kan. QMI, èyí tí qmi_wwan rẹ ń lò, lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí QMAP, ètò ìdìpọ̀ tirẹ̀, bá wà ní títàn, tí kò bá sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan náà ni.

Fún Debian 12, tí kẹ́nẹ́ẹ̀lì rẹ̀ (ọkàn Linux) jẹ́ 6.1, MBIM ni mo máa ń sọ fún ènìyàn. Ìdí ni pé driver rẹ̀ (sọ́fítíwíà tó ń darí ẹ̀rọ) ti wà nínú kẹ́nẹ́ẹ̀lì, ModemManager, tó ń bójú tó mọ́dẹ́ẹ̀mù lórí Linux, mọ̀ ọ́n, Windows pẹ̀lú mọ̀ ọ́n láti Windows 8, nítorí náà o lè gbé káàdì kan náà sórí láptọ́ọ̀pù ẹnikẹ́ni láti dán an wò.

Dá ModemManager dúró ná, kó má baà bá ọ jà lórí ojú kan náà, kí o sì fi minicom, tí a fi ń tẹ àṣẹ sí mọ́dẹ́ẹ̀mù, wọlé:

`systemctl stop ModemManager`
`minicom -D /dev/ttyUSB2`

Nínú minicom:

`AT+QCFG="usbnet"`
`AT+QCFG="usbnet",2`
`AT+CFUN=1,1`

Àṣẹ àkọ́kọ́ ń bèèrè ipò tó wà báyìí. Lórí Quectel, 0 ni QMI, 1 ni ECM, 2 ni MBIM, 3 ni RNDIS. Àṣẹ tó kẹ́yìn ń tún mọ́dẹ́ẹ̀mù tàn. Ojú ttyUSB yóò pòórá kí wọ́n tó padà, má bẹ̀rù. Lẹ́yìn náà `lsusb -t` gbọ́dọ̀ kọ cdc_mbim dípò qmi_wwan. Tan ModemManager padà, kí o sì jẹ́ kí NetworkManager ṣe ìyókù:

`nmcli c add type gsm ifname '*' con-name 5g apn web.gprs.mtnnigeria.net`

APN yẹn (orúkọ ẹnu ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì), ti MTN ni. Bí síìmù rẹ bá jẹ́ Airtel, internet.ng.airtel.com ni kí o kọ síbẹ̀.

Kẹ́nẹ́ẹ̀lì_Akẹ́

Kí ẹ má tú SSD o! Ihò SSD jẹ́ Key M, káàdì 5G jẹ́ Key B, ibi tí wọ́n gé lára eyín wọn kò bára mu. Bí ẹ bá tilẹ̀ fi bọ́ọ̀dù àyípadà sí i, Key M kò ní ọ̀nà USB rárá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀nà síìmù níbẹ̀, nítorí náà bọ́ọ̀dù yẹn gbọ́dọ̀ gbé ilé síìmù tirẹ̀ dání. Ihò Wi-Fi jẹ́ Key E: ó ní PCIe, ó sì ní USB, ṣùgbọ́n USB 2.0 ni, ibi tí ẹ ti ń sá bọ̀ náà nìyẹn. Àwọn tó ní ihò mini PCIe àtijọ́ náà kí wọ́n gbọ́: USB 2.0 ni káàdì LTE ń gbà níbẹ̀.

Ní ti ìyára, òótọ́ ni pé PCIe 3.0 ọ̀nà kan ń gbé nǹkan bí 985 MB ní ìṣẹ́jú àáyá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 7.9 Gbps. Ṣùgbọ́n ta ló ń kún un? Agbára káàdì yín lórí ìwé jẹ́ Gbps méjì àti díẹ̀, USB 3 ti gbà á. Ojú Ethernet tí ọ́fíìsì yóò sì fi mu ún jẹ́ 1 Gbps, TCP (ìlànà tó ń gbé dátà) ń rí nǹkan bí 941 Mbps lórí rẹ̀. Ẹ̀yìn ráútà yín gan-an ni ọ̀nà ti fún.

Wàhálà PCIe sì pọ̀ ju ti USB lọ. Ẹ óò kọ́kọ́ fi `AT+QCFG="data_interface",1,0` sún dátà kúrò lórí USB. Kẹ́nẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ ní MHI, driver tó ń bá mọ́dẹ́ẹ̀mù sọ̀rọ̀ lórí PCIe, láti 5.13 sókè ló ti dára. Bí sọ́fítíwíà inú káàdì bá kú, lórí USB yóò já, yóò tún wọlé fúnra rẹ̀. Lórí PCIe, ẹ̀yin ni ẹ óò yọ ọ́ kúrò nínú ètò kí ẹ tó fi `echo 1 > /sys/bus/pci/rescan` wá a padà, nígbà mìíràn ẹ óò tún ẹ̀rọ tàn. Nínú yàrá tí kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, ìyẹn nìkan tó láti kọ̀ ọ́.

Ibi tí PCIe ti tọ́ ni láptọ́ọ̀pù tó ti ní ihò WWAN (ihò fún káàdì síìmù bí èyí), pàápàá bí wọ́n kò bá fa USB 3 dé ihò náà. Kí ẹ tó rà á fún ThinkPad tàbí HP, ẹ wádìí bóyá BIOS rẹ̀ (sọ́fítíwíà tó ń tan ẹ̀rọ) ní orúkọ àwọn káàdì tó fọwọ́ sí. Àwọn kan nínú wọn kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ tàn bí wọ́n bá rí káàdì àjèjì.

OníWáyà77

Mo gbà, àfi lórí kinní kan. Lórí bọ́ọ̀dù ARM kékeré tí CPU rẹ̀ kò lágbára, PCIe ń dín iṣẹ́ CPU kù ju USB lọ. Kò kàn Adé. Ẹni tó bá ń lo Raspberry Pi 4, kó rántí pé orí ọ̀nà PCIe 2.0 ẹyọ kan ni ojú USB 3 rẹ̀ fúnra rẹ̀ jókòó lé. Lórí Pi 3B+ ẹ̀wẹ̀, Ethernet àti gbogbo USB ń pín USB 2.0 kan ṣoṣo, kí wọ́n má fi 5G síbẹ̀.

Adé_Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun mà, Ìyá Sáfà. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Wáyà ṣájì fóònù ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Lẹ́yìn tí mo pàrọ̀ rẹ̀, ó ti di 5000M, cdc_mbim, gbígbà wálẹ̀ sì ti lọ sí 430. Ìṣòro tuntun méjì: bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi fáìlì ńlá ránṣẹ́, dmesg (àkọsílẹ̀ kẹ́nẹ́ẹ̀lì) ń kọ "USB disconnect", mọ́dẹ́ẹ̀mù yóò lọ, yóò padà. Èkejì, Wi-Fi 2.4 GHz tó wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn ti di ìgbín láti ìgbà tí mo ti lo USB 3.

Ìyá_Sáfà

Iná ló kéré. Ojú USB 3 ń fúnni ní 900 mA lórí 5 V, 4.5 W péré. Bí káàdì bá ń gbà wálẹ̀, ó tó. Nígbà tó bá ń fi ránṣẹ́ sókè, ẹ̀yà tó ń ti ìró sí afẹ́fẹ́ yóò fa iná lójijì, fóltéèjì yóò wálẹ̀, káàdì yóò kú. RM500Q fẹ́ kí iná rẹ̀ wà láàárín 3.135 V àti 4.4 V, 3.7 V ni wọ́n ń dámọ̀ràn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ìgbà tí o bá ń fi fáìlì ránṣẹ́ nìkan ló ń já. Bí ó bá jẹ́ wáyà tó bàjẹ́ ni, ìgbàkúùgbà ni yóò máa já.

Ra bọ́ọ̀dù tó ní ẹnu iná tirẹ̀, kí o fi ádápítọ̀ 5 V, 3 A, tàbí èyí tí ìwé bọ́ọ̀dù náà bá béèrè, sí i. Wáyà onírù-méjì tó ń fa iná láti ojú USB méjì kò dá mi lójú, torí inú kọ̀ǹpútà kan náà ni méjèèjì ti ń mu. Lórí Pi 4 ó tún burú sí i, 1.2 A ni gbogbo ojú USB rẹ̀ jọ ń pín.

Lẹ́ irin tó ń gbé ooru kúrò mọ́ káàdì náà pẹ̀lú. Bó bá gbóná jù, fúnra rẹ̀ ni yóò dín ìyára kù, ìwọ yóò sì máa bú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì.

OníWáyà77

Ti Wi-Fi, USB 3 ló ń pariwo. Ariwo rẹ̀ ń bọ́ sórí 2.4 GHz, Intel ti tẹ ìwé jáde nípa rẹ̀ láti 2012. Kì í ṣe Wi-Fi nìkan ló ń bà jẹ́, LTE tó wà nítòsí ibẹ̀, bíi band (ìpín ìgbì rédíò) 40 ní 2300 MHz, lè fara gbá a, ìyẹn ni pé USB 3 lè yá ṣùgbọ́n kó ba ìró tí mọ́dẹ́ẹ̀mù ń gbọ́ jẹ́. Ẹ lo wáyà kúkúrú tó ní bébà irin yíká dáadáa, ẹ gbé àwọn áńtẹ́nà jìnnà sí ẹnu USB, kí ẹ sì gbé Wi-Fi lọ sí 5 GHz.

Ẹ fi `AT+QENG="servingcell"` wo SINR (bí ìró nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ṣe ju ariwo lọ tó) nígbà tí dátà ń lọ àti nígbà tí kò lọ. Bó bá ń jábọ́ bí dátà bá ti bẹ̀rẹ̀, ariwo ni. `AT+QCAINFO` yóò sọ iye band tí mọ́dẹ́ẹ̀mù so pọ̀. Fóònù tó rí 500 lè ti so mẹ́ta pọ̀ kí káàdì yín má so ju méjì lọ, ìyẹn kò sì kan USB.

Akin_Aláńtẹ́nà

Kò sẹ́ni tó tíì fọwọ́ kan mítà 12 yẹn, bẹ́ẹ̀ òun ló yẹ kó pinnu.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà láti dé òrùlé. Ẹ lè na wáyà áńtẹ́nà. LMR-400, tó nípọn bí ìka, ń sọ nǹkan bí 0.22 dB nù ní mítà kan lórí 2.5 GHz, ti 3.5 GHz tí 5G wa ń lò tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mítà 12 ti lé ní 2.6 dB kí ẹ tó ka àwọn ìsopọ̀, bó bá sì dé 3 dB, ìdajì agbára ti lọ. Káàdì yín ní ẹnu áńtẹ́nà mẹ́rin, nítorí náà mẹ́rin ni ẹ óò nà. Owó rẹ̀ yóò ju ti mọ́dẹ́ẹ̀mù lọ.

Ẹ lè na USB. Òpin USB 2.0 ni mítà 5. USB 3, bó bá ti kọjá mítà 3, ó ti di àdúrà. Àwọn wáyà tó ní ẹ̀rọ ìrànlọ́wọ́ nínú wà, ṣùgbọ́n oòrùn òrùlé kì í jẹ́ kí wọ́n pẹ́.

Ọ̀nà kẹta ni Ethernet: kí mọ́dẹ́ẹ̀mù wà lókè nínú àpótí tí omi kò lè wọ̀, áńtẹ́nà kò jìnnà sí i ju gígùn ọwọ́ lọ, kí wáyà Cat5e tàbí Cat6 kan ṣoṣo sọ̀ kalẹ̀, tó lè lọ dé mítà 100, kó sì gbé iná sókè pẹ̀lú PoE (iná inú wáyà Ethernet). Nínú ìlànà PoE, 802.3af ń fi 15.4 W ránṣẹ́, 802.3at 30 W. Bọ́ọ̀dù M.2 tó ní ẹnu Ethernet wà lọ́jà, RTL8125, ṣíìpù Ethernet ti 2.5 Gbps, ló wà lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, lórí PCIe káàdì náà. Ẹ óò fi `AT+QCFG="pcie/mode",1` sọ fún káàdì pé òun ni olórí lórí PCIe, ẹ óò sì fi sọ́fítíwíà RTL8125 inú rẹ̀ sí ipò títàn: `AT+QETH="eth_driver","r8125",1`. Ibí yìí ni PCIe ti wúlò fún yín, kì í ṣe nínú ihò SSD. Ní gbangba, ẹ ra wáyà tí a ṣe fún ìta, ẹ so ohun tó ń gba àrá mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó tó wọ kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì fa wáyà ilẹ̀ gidi fún un.

Bí ẹ bá ń so áńtẹ́nà mọ́ káàdì, ẹnu MHF4 ló ní, ó kéré ju U.FL lọ. Wọ́n jọra lójú. Ẹ má fi agbára tì í.

Adé_Mọ́kọ́lá

Ọ̀gá Akin, Ethernet ni a óò lò nígbà náà. Ojú Ethernet kọ̀ǹpútà jẹ́ 1 Gbps, bọ́ọ̀dù òkè jẹ́ 2.5. Ṣé kí n wá ádápítọ̀ USB 3 sí 2.5 Gbps?

Akin_Aláńtẹ́nà

Ẹ má tíì ná owó yẹn. 941 Mbps ni ojú 1 Gbps yóò fún yín, switch ọ́fíìsì náà sì jẹ́ 1 Gbps, bí ẹ bá gba 2.5 wọlé, 1 ni yóò jáde. Bọ́ọ̀dù òkè yóò fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí 1 Gbps bí ẹ bá so ó mọ́ ojú ti kọ̀ǹpútà. Kí ẹ ṣáà rí i pé PoE injector (ẹ̀rọ tó ń ti iná sínú wáyà Ethernet) tí ẹ rà kì í ṣe ti 100 Mbps, torí ó ń lo wáyà mẹ́rin péré fún dátà, àwọn olówó kékeré tó kún ọjà sì pọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí `ethtool enp1s0` bá kọ Speed: 100Mb/s, ẹ wo injector náà kí ẹ tó gun àkàbà.